Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti Ilé Àwọn Àlejò ní Camden

Ní abala yìí, níbi tí a ti máa ń sọ ìtàn àwọn tí wọ́n ti lọ ṣáájú wa, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ajíhìnrere àti àwọn tí ó kọ orin ìsìn ni a sábà máa ń mú wá. Ẹni tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe àlùfáà. Lọ́yà ni, ṣùgbọ́n lọ́yà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣe iṣẹ́ lọ́yà, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àti ìpàdé, ọ̀rọ̀ ilé tí àlejò yóò sùn sí àti oúnjẹ tí yóò jẹ, ni ó gba ọjọ́ ayé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ó kú sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí ní ọdún 1958.

Ohun tí ó mú wa rántí rẹ̀ ni ìpàdé tí ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ wa ṣe lẹ́yìn ìsìn ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹni mẹ́sàn-án péré ni ó wá, mẹ́ta nínú wọn sì ti ń fọ ìkòkò láti ìgbà tí ìsìn ti parí. Ìdílé tuntun méjì ń wá yàrá. Arábìnrin kan wà ní ọsibítù tí kò ní ẹbí kankan níhìn-ín. Owó tí ó wà nínú àpò ẹgbẹ́ kò sì tó nǹkan. Àwọn kan ní kí a kọ ìwé sí káńsù kí wọ́n ràn wá lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ní rárá o, pé ẹni tí ó bá gba owó káńsù yóò gba àṣẹ káńsù mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ di àríyànjiyàn. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá wa wá sọ pé ìjà yìí ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí a jókòó síbẹ̀, ó sì dárúkọ Ṣólàńkẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ ẹni tí bàbá ń sọ. Ìdí nìyí tí a fi kọ èyí. Bí a bá sì ń pe olóògbé náà ní "ó" dípò "wọ́n", kí àgbà kankan má ṣe bínú sí wa. Bí àwọn òpìtàn ṣe máa ń kọ ọ́ ni, kí a má baà da òun àti àwọn ẹlòmíràn pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ní nǹkan bí ọdún 1886 ni wọ́n bí i. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St. Andrew's ní Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn CMS ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Lẹ́yìn náà ó kọjá sí Fourah Bay College ní Freetown, ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí Àjàyí Crowther wọ̀ ní ọdún 1827 nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1922 láti wá kọ́ òfin ní University College, kì í ṣe ọmọdé mọ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá níhìn-ín ni ó fi ọjọ́ orí jù lọ, ó sì dà bí ẹni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ti mú ara rẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n tí ẹrù ilé wà lórí rẹ̀.

Lọ́ńdọ̀nù ìgbà náà kò fẹ́ àlejò dúdú. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ lẹ́tà béèrè yàrá, kí wọ́n dá a lóhùn pé yàrá wà. Ní ọjọ́ tí ó bá gbé àpótí rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà tí ìyá onílé sì rí ojú rẹ̀, yàrá ti tán nìyẹn. Àwọn àgbà inú ìjọ wa tí wọ́n dé síbí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 mọ ohun tí à ń sọ, nítorí pé nǹkan kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà nígbà tiwọn. Ẹ wá fojú inú wo ogójì ọdún ṣáájú ìgbà náà, nígbà tí èèyàn dúdú kò pọ̀ rárá, tí kò sí ìjọ bíi tiwa tí ènìyàn lè sá wọ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Owó tí ń bọ̀ láti ilé pẹ̀lú, ojú omi ni ó ń gbà wá, ó sì lè pẹ́. Ìyà jẹ Ṣólàńkẹ́. Ó kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Yorùbá láti fi rí owó jẹun.

Ní àkókò ìṣòro yìí ni ó lá àlá kan, èyí tí òun fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn ènìyàn lẹ́yìn náà. Ó ní Ọlọ́run fi hàn òun pé bí àwọn ọmọ Áfíríkà, àwọn tí ó wà nílé àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi, kò bá kó ara wọn jọ, kí wọ́n sì kọ́ bí a ti í fi ọwọ́ ara ẹni tún ọ̀rọ̀ ara ẹni ṣe, ẹ̀tanú àwọ̀ kò ní kúrò lára wọn, iṣẹ́ ẹrú ni wọn yóò sì máa ṣe fún àwọn ẹ̀yà mìíràn. Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń yára kọjá lórí àlá yìí. Àwa kò ní yára kọjá. Ẹni tí a tọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ CMS mọ̀ pé ẹni tí Ọlọ́run bá fi nǹkan hàn, iṣẹ́ ni ó gbé lé e lọ́wọ́, kì í ṣe ìtàn tí yóò máa fi ṣe fáàrí.

Ní ọdún 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àfihàn ńlá kan ní Wembley, níbi tí wọ́n ti kó nǹkan gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso wá kí àwọn ará ìlú lè wá wò ó. Ìwé ìròyìn Evening News lo àǹfààní yẹn láti kọ ìsọkúsọ nípa ilẹ̀ wa, pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ń jẹ ènìyàn, wọ́n sì ń ṣe oògùn burúkú. Àwọn tí ó bínú pọ̀. Ṣólàńkẹ́ ní tirẹ̀ mú gègé, ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn West Africa, ó sì dá wọn lóhùn kókó lẹ́yìn kókó. Lẹ́tà yẹn ni ó mú kí Amy Ashwood Garvey mọ̀ ọ́n. Ọmọ Jàmáíkà ni obìnrin yìí, òun sì ni aya àkọ́kọ́ tí Marcus Garvey fẹ́. Ó ti mọ bí a ti í dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ran Ṣólàńkẹ́ lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún náà, òun àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láti Nàìjíríà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigerian Progress Union. Wọ́n fi Amy Ashwood jẹ Ìyálóde, bí a ti ń ṣe nílé. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà ni Ṣólàńkẹ́ sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá lórí rédíò. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ èdè wa lórí afẹ́fẹ́, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, nígbà tí rédíò kò tíì dé ilẹ̀ wa rárá.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà nìkan kò tó. Àwọn ará Gold Coast, èyí tí ó di Gánà, àwọn ará Sàró àti àwọn ará Gámbíà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n sì ń tì mọ́ wọn lójú. Dókítà Bankole-Bright láti Freetown, tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n para pọ̀. Ní ọjọ́ keje oṣù kẹjọ ọdún 1925, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́kànlélógún, tí òfin ni wọ́n ń kọ́, pàdé, wọ́n sì dá West African Students' Union sílẹ̀. Ṣólàńkẹ́ ni akọ̀wé àgbà. J. B. Danquah láti Gold Coast, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nílé lẹ́yìn náà, wà lára àwọn olórí àkọ́kọ́. Ẹ wo lẹ́tà mẹ́rin tí ó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà: W, A, S, U. Ọmọ Yorùbá tí ó bá kà á pọ̀ mọ́ wàásù kò jẹ̀bi, àwọn tí ó sọ ẹgbẹ́ náà lórúkọ pẹ̀lú sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn ní ọdún 1926, Wàsù ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀.

Ìpàdé ni ọkàn ẹgbẹ́ náà. Àwọn tí kò tíì ṣe iṣẹ́ akọ̀wé rí lè rò pé ìpàdé kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ti ṣe é mọ̀ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kọ ìwé ìkéde, kí ó fi ránṣẹ́, kí ó wá ibi tí wọn yóò jókòó sí, kí ó sanwó rẹ̀, kí ó dé ṣáájú gbogbo ènìyàn, kí ó sì wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi pa iná. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Ṣólàńkẹ́ ni ẹni náà. Níbi ìpàdé wọ̀nyẹn, ọmọ Ẹ̀gbá ń bá ọmọ Fante jiyàn lórí bí a ó ti ṣe ìjọba ilẹ̀ wa lọ́jọ́ iwájú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ń gbọ́ ibi tí yàrá wà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò yá ń rí ẹni tí yóò bẹ̀ ẹ́ wò.

Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí kò nílé, ìpàdé rẹ̀ a máa ṣí kiri. Ní ọdún 1928, Marcus Garvey fún wọn ní ilé kan tí wọn yóò lò fún ìgbà díẹ̀ ní West Kensington. Nígbà tí àkókò ilé náà pé, wọ́n tún padà di aláìnílé. Níbí yìí ni Ṣólàńkẹ́ ti pinnu ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní lè ṣe. Ó ti di lọ́yà ná, ó lè padà sílé, kí ó ṣí ọ́fíìsì sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta, kí ó sì máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń jà du ilẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ di olówó. Lóòótọ́ ó padà sílé ní ọdún 1929, ṣùgbọ́n owó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bá lọ. Ọdún mẹ́ta ni ó fi rìn kiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, láti ìlú dé ìlú. Ó ń lọ bá àwọn ọba, àwọn lọ́yà, àwọn oníṣòwò àti àwọn ìjọ, ó ń dá ẹ̀ka ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì ń gba ọrẹ. Ẹni tí ó bá ti gbé àwo ọrẹ dúró níwájú àwọn ènìyàn rí mọ iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Àwọn kan fún un ní owó ńlá, àwọn kan fún un ní ìlérí. Àwọn mìíràn fẹ́ mọ ìdí tí àwọn tí ó wà ní Abẹ́òkúta yóò fi san owó ilé fún àwọn tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọmọ wọn ni ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ tí wọ́n fi owó kòkó àti owó aṣọ rán wá kàwé ni wọ́n ń lé kúrò lẹ́nu ọ̀nà nínú òjò.

Nígbà tí ó ń padà bọ̀ ní ọdún 1932, kò dá bọ̀. Ó ti gbé Ọpẹ́olú Ọbísànyà níyàwó, wọ́n sì jọ dé. Nínú oṣù kẹta ọdún 1933 ni wọ́n ṣí ilé náà, nọ́mbà 62, ní òpópónà Camden Road, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Lára owó tí Ṣólàńkẹ́ kó jọ nílé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ilé ìgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni, ilé ìpàdé ni, ọ́fíìsì ni, ilé oúnjẹ sì ni. Ó dájú pé yàrá ibẹ̀ kò lè tó gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò rí yàrá lè wá jẹun, kí ó ka ìwé ìròyìn ilé, kí ó sì gbọ́ èdè rẹ̀.

A fẹ́ dúró díẹ̀ lórí Ìyáàfin Ṣólàńkẹ́, nítorí pé ìtàn ẹgbẹ́ kì í sábà dé ibi ìdáná. Òun ni ó ń ṣe àbójútó ilé náà. Òun ni ó ń mójútó oúnjẹ, oúnjẹ ilẹ̀ wa, nígbà tí kò tíì sí ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn lè rìn wọ̀ kí ó ra ẹ̀lùbọ́ àti ẹ̀gúsí bí a ti ń ṣe ní Peckham àti Dalston. Aṣọ ibùsùn ń bẹ láti fọ̀, èédú ń bẹ láti rà, owó oúnjẹ ń bẹ láti gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tí owó wọn kò tíì dé láti ilé. Bí ìpàdé bá gùn tí àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ òmìnira, ẹnì kan ń dúró de àwo tí wọn yóò jẹun sí kí ó lè fọ̀ ọ́. Àwọn aṣáájú tí ó kọjá nínú ilé yẹn padà lọ ṣe ìjọba, wọ́n di adájọ́, wọ́n di dókítà. A kò rí ibi tí a kọ iye ìkòkò tí obìnrin yìí gbé kaná fún wọn sí. Ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ kò ní ṣàì mọ ohun tí à ń sọ.

Ilé náà kò tíì pé ọdún méjì tí wàhálà fi dé. Iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣàkóso àwọn ilẹ̀ wa, tí wọ́n ń pè ní Colonial Office, kò fẹ́ràn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ní ilé tí wọ́n ti ń sọ ohun tí ó wù wọ́n. Wọ́n dá ilé mìíràn sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní ọdún 1934, ní òpópónà Doughty Street, wọ́n sì pè é ní Aggrey House, ní orúkọ Dókítà Aggrey, ọmọ Gold Coast tí gbogbo ènìyàn bọ̀wọ̀ fún. Ilé tí ó dára ni. Owó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó bí Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ni pé ìjọba ni yóò máa darí rẹ̀, ìjọba ni yóò sì máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n tẹ ìwé pélébé kan jáde láti tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn pín sí méjì. Àwọn kan rò pé Ṣólàńkẹ́ ń jowú, pé ilé tirẹ̀ ni ó ń gbèjà, kì í ṣe òmìnira ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó lọ sí Aggrey House.

A ti rò ó síwá sẹ́yìn, a kò sì lè sọ pé àwọn tí ó lọ ṣẹ̀. Ọmọ tí òtútù ń mú, tí ìdánwò ń bọ̀, kò lè máa béèrè ẹni tí ó san owó èédú. Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì ní fi pamọ́ pé Ṣólàńkẹ́ kì í ṣe ẹni tí ó rọrùn láti bá ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó bá fi ọdún mẹ́ta tọrọ owó ilé, ó ṣòro fún un láti má ka ilé náà sí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ó ríran jìnnà. Ní ọdún 1940 ni ìjọba ti Aggrey House pa. Nígbà tí ọwọ́ tí ó ṣí i fẹ́ tì í, kò sí ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe sí i.

Ní ti WASU, ìrànlọ́wọ́ wá láti ibòmíràn pẹ̀lú. Paul Robeson, akọrin ńlá ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, di alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ ní ọdún 1935. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìjà àárín wọn àti ìjọba rọ̀. Ohun tí yóò ya àwọn tí kò fẹ́ owó káńsù lẹ́nu nìyí: Ṣólàńkẹ́ gba owó ìjọba níkẹyìn. Colonial Office fún wọn ní ìrànlọ́wọ́, àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó kan tí ń ṣòwò ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fún wọn pẹ̀lú, lára owó náà ni wọ́n sì fi kó lọ sí ilé tí ó tóbi jù ní ọdún 1938, nọ́mbà 1, South Villas, ní Camden Square. Àwọn kan bú u nígbà náà pé ó ti yí padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀, bí àwa ṣe rí i, ni pé ilé náà ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí owó ìjọba tó wọ inú rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń yan olórí wọn, àwọn ni ó sì ń pinnu ẹni tí yóò wá bá wọn sọ̀rọ̀ àti ohun tí wọn yóò bá a jiyàn lé.

Ogun Hitler kò pa ìpàdé wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1941, Churchill àti Roosevelt jọ gbé ìwé kan jáde lórí òkun Àtìláńtíìkì, pé gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ náà, Clement Attlee, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Labour tí ó wà nínú ìjọba, wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU sọ̀rọ̀, ó sì fi yé wọn pé gbogbo ẹ̀yà ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Nígbà tí ó di oṣù kẹsàn-án, Churchill sọ ní ilé aṣòfin pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí Hitler gbà ni àwọn ní lọ́kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò gbàgbé. Ní ọdún 1942, WASU kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà máa ṣàkóso ara wọn nínú ilé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì fún wọn ní òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Ẹ rántí pé ẹgbẹ́ tí ó kọ ìwé yìí ni ẹgbẹ́ kan náà tí ó ń bá àwọn ọmọ wá yàrá.

Ní ọdún 1944, Ṣólàńkẹ́ tún gbé àpò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ti fẹ́ máa pọ̀ sí i, ilé South Villas kò ní gbà wọ́n, ó sì padà lọ sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láti tọrọ owó ilé mìíràn. Ọdún mẹ́rin ni ó lò lọ́tẹ̀ yìí. Ó sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà tí ó lọ, ó ti kọjá ọgọ́ta nígbà tí ó padà ní ọdún 1948. Nígbà tí kò sí nílé, ayé ti yí. Kwame Nkrumah ti dé láti Amẹ́ríkà ní ọdún 1945, ó ti ṣe igbákejì ààrẹ WASU, ó sì ti padà lọ sílé lọ gbé òṣèlú. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó bá nínú ẹgbẹ́ kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó jẹ wọ́n lógún ni kí òyìnbó lọ ní kíá, ọ̀rọ̀ àwọn kọ́múníìsì sì wọ̀ wọ́n létí ju ọ̀rọ̀ bàbá kan tí ń sọ̀rọ̀ nípa ọba àti ọrẹ. Lójú wọn, ó ti di ènìyàn àtijọ́. Lójú tirẹ̀, àwọn ọmọdé tí kò mọ iye tí wọ́n ra ilé ń jókòó lórí àga tí òun tọrọ owó rẹ̀.

A kò ní lọ jìnnà nínú ìjà náà. Nígbà tí ó parí, ẹgbẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. WASU ní ilé tuntun sí Chelsea Embankment lẹ́bàá odò Thames, wọ́n sì ń bá iṣẹ́ lọ láìsí ẹni tí ó dá wọn sílẹ̀. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ rí, ó sì ti ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ẹni tí ó bá ti rí i kì í fẹ́ tún un rí.

Ohun tí Ṣólàńkẹ́ ṣe lẹ́yìn náà ni ó mú kí bàbá tí ó dárúkọ rẹ̀ níbi ìpàdé wa máa bọ̀wọ̀ fún un. Kò padà sílé lọ dì bò. Kò sì fi ọjọ́ tí ó kù kọ ìwé èébú sí àwọn tí ó lé e. Ó ń bá a lọ láti máa bójú tó ilé ìgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láìsí òkìkí, láìsí àwọn aṣòfin tí ń wá jẹun alẹ́. Àwọn ọmọ tí ń bọ̀ láti ilé nígbà náà ti lè rí ìwé kà nípa òmìnira níbikíbi, ṣùgbọ́n ìyá onílé ṣì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Ó rí ọjọ́ tí wọ́n ta àsíá Gánà, ọjọ́ kẹfà oṣù kẹta ọdún 1957, tí Nkrumah jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀. Kò rí ti Nàìjíríà. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó mú un lọ, ní ọsibítù kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, ọdún méjì àti oṣù kan ṣáájú òmìnira. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n sin ín sí.

Ìpàdé ẹgbẹ́ aláàánú yóò tún wáyé ní ọjọ́ ìsinmi kejì nínú oṣù tí ń bọ̀, ní yàrá ẹ̀yìn, lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rọ̀ káńsù ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò. Arábìnrin wa ti kúrò ní ọsibítù, ìdílé kan ti rí yàrá, èkejì ṣì ń wá a. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò ńlá, kí ó jọ̀wọ́ mú un dání.